Ẹni Tó Ń Dúró ní Èbúté

Ẹ má pe eléyìí ní àlọ́. Èmi tí mò ń sọ ọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí, ojú ọ̀sán gangan ló sì ṣẹlẹ̀. Ìyá tó bá mi rí i ṣì wà láàyè ní Ìkàrẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lè lọ bi í.

Ọlálẹ́yẹ lorúkọ mi, ọmọ Ọ̀kà Àkókó. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Èmi ni mo máa ń ya àwòrán ibi tí ọ̀nà yóò gbà àti ibi tí gáréèjì yóò wà. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé iṣẹ́ ìlú etídò kan lé mi lọ́wọ́. N kò ní dárúkọ ìlú náà. Wọ́n fẹ́ kọ́ ibùdó kan síbẹ̀ níbi tí ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì yóò ti máa pàdé. Ẹni tó bá ti orí omi dé yóò kàn rìn díẹ̀, yóò bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn, yóò sì máa lọ sílé rẹ̀.

N kò fẹ́ iṣẹ́ náà. Omi ìlú yẹn ló gbé ìyàwó mi lọ.

Zipporah lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣe tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba rán mi lọ ṣiṣẹ́ ní erékùṣù kan ní òdìkejì omi, ó wá kí mi. Lọ́jọ́ tó yẹ ká jọ padà sílé, iṣẹ́ kò jẹ́ kí n ráàyè.

Mo ní, "Máa lọ ná. Dúró dè mí ní èbúté. Kílẹ̀ tó ṣú, mo ti dé."

Ó ní, "Má jẹ́ kí n dúró pẹ́ o."

Ọkọ̀ wọn dojú dé láàárín omi. Wọ́n rí gbogbo àwọn yòókù, òkú àti alààyè. Wọn kò rí i. Àwa ará Àkókó, òkè àti àpáta la mọ̀. Ẹni wa bá kú, a mọ ibi tí a sin ín sí. Èmi kò ní ibì kankan tí mo lè dúró sí kí n pe orúkọ ìyàwó mi.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Iṣẹ́ ibùdó wá dé.

Kí a tó lè ya àwòrán, a ní láti mọ ibi tí àwọn èrò ń lọ. A tẹ fọ́ọ̀mù ní èdè Yorùbá kí wọ́n lè fúnra wọn kọ ọ́. Limota, ọmọbìnrin ìlú náà tí a gbà síṣẹ́, ló pín in ní èbúté, ó sì kó o ránṣẹ́ sí mi ní Ọ̀kà. Mo jókòó síwájú ilé mi lórí òkè láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ọyẹ́ ti bo gbogbo ìsàlẹ̀. N kò gbọ́ ìró ẹnikẹ́ni. Ẹyẹ pàápàá kò ké.

Mo kan fọ́ọ̀mù kan.

*Níbo lẹ ń lọ?* Ìkàrẹ́ Àkókó, ilé màmá mi.

*Kí lẹ ń dúró dè?* Ọkọ.

*Ó ti tó ìgbà wo tí ẹ ti ń dúró?* Ọdún mẹ́ta.

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí. Mo rò pé ẹni náà gbàgbé àmì ni, pé ọkọ̀ ló fẹ́ kọ. Mo tún un wò. Gbogbo àmì yòókù ló pé. Ìkàrẹ́ ní tirẹ̀. Màmá ní tirẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kò gbàgbé nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ọwọ́ ìkọ̀wé náà dáadáa. Mo mọ ọwọ́ náà bí mo ṣe mọ ojú ara mi.

Mo pe Limota lórí fóònù.

"Limota, ta ló kọ fọ́ọ̀mù Ìkàrẹ́?"

"Áńtí kan ni, sà. Wọ́n jókòó sétí pátákó èbúté. Aṣọ wọn tutù. Mo rò pé òjò ló pa wọ́n."

"Òjò wo? Nínú ọyẹ́ yìí?"

Ó ní, "Wọ́n bi mí bóyá ọkọ̀ Ìkàrẹ́ wà. Mo ní kò sí. Wọ́n ní ọjọ́ tó bá wà, àwọn á lọ sílé."

Mo wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó sí èbúté náà, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Omi ń gbá pátákó. N kò rí ẹnì kankan.

Nígbà tí a ṣe ìpàdé, mo ní kí a fi bọ́ọ̀sì kan dán an wò kí a tó kọ́lé rárá: kó máa gbéra ní èbúté ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kó lọ tààrà sí Ìkàrẹ́, kó sì padà lọ́jọ́ kan náà.

Ọ̀gá mi wò mí. "Ta ló ń ti etí omi lọ sí Ìkàrẹ́?"

"Àwọn èèyàn béèrè fún un, sà."

Irọ́ ni mo pa. Ẹnì kan ṣoṣo ló béèrè.

Wọ́n gbà. Stephen ni wọ́n fún ní bọ́ọ̀sì náà, awakọ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. N kò bá a wọ ọkọ̀. Àṣìṣe tí mo ṣe nìyẹn. Mo sọ lọ́kàn mi pé Zipporah ti dúró dè mí tó, ó kù kí èmi náà dúró dè é. Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì kọ́kọ́ gbéra, mo yà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, mo sọ ibi tí mò ń lọ fún un, láti aago mọ́kànlá àárọ̀ ni mo sì ti wà ní gáréèjì Ìkàrẹ́. Mo wọ aṣọ tó fẹ́ràn.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó wọlé. Àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń wojú wọn. Ẹni tó sọ̀ kẹ́yìn, bàbá arúgbó kan ni.

"Stephen, ó parí?"

"Ó parí, Ọ̀gá. Àfi áńtí kan tó sọ̀ lọ́nà, nígbà tí a wọ ìlú. Wọ́n ní ilé màmá wọn kò jìnnà." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ wá wo ibi tí wọ́n jókòó sí."

Àga náà rin gbingbin. Omi ń kán láti ara rẹ̀ sílẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, mo tọ́ ọ wò. Ó níyọ̀ díẹ̀.

Mo sáré. Ilé ìyá ìyàwó mi kò jìnnà sí gáréèjì. Mo bá a lójúde, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Àwo kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ti jẹun nínú rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ kú ilé. Ṣé ẹnì kan wá síbí?"

"Ọmọ mi wá."

"Ẹ̀rù kò bà yín?"

"Èmi ni mo bí i. Ṣé kí n máa bẹ̀rù ọmọ mi ni?"

"Níbo ló wà?"

"Ó ní òtútù ń mú òun, mo fún un ní ìborùn mi. Ó béèrè rẹ. Mo ní o ti wà ní gáréèjì láti àárọ̀, o ń dúró dè é. Kíá ló dìde. Ó ní òun kò fẹ́ kó o dúró pẹ́."

Mo tún sáré padà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé náà àti gáréèjì. N kò pàdé ẹnì kankan.

Bọ́ọ̀sì ti lọ. Mọ́júbọ́lá tó ń ta bọ̀ọ̀lì lẹ́nu gáréèjì ní obìnrin kan tó borùn dé, ó dúró síbi tí mo dúró sí lẹ́ẹ̀kan, ó ń wò yíká, ó ń pe orúkọ mi. Nígbà tí kò rí mi, ó padà sínú bọ́ọ̀sì.

Mo pe Stephen.

"Stephen, ta ló wà lẹ́yìn rẹ?"

"Ọ̀gá, áńtí yẹn ni. Wọ́n ń sunkún. Mi ò lè wẹ̀yìn."

"Fún un ní fóònù! Jọ̀ọ́!"

Mo gbọ́ tí fóònù kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Mo pe orúkọ rẹ̀. Mo ní, "Èmi nìyí." Kò sí ohùn. Omi ni mo gbọ́ tó ń gbá pátákó. Fóònù sì kú.

Stephen kò gba ọ̀nà náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Kò sí awakọ̀ mìíràn tó gbà á. Wọ́n dá bọ́ọ̀sì náà dúró.

Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ Mọ́mì ní ìrọ̀lẹ́, ó ṣì jókòó síbi tí mo fi í sí.

"Ṣé o rí i?"

"Rárá, mà."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ó bi mí bóyá inú ṣì ń bí ọ pé òun kò dé èbúté lọ́jọ́ yẹn."

"Kí lẹ sọ fún un, Mọ́mì?"

Ó gbójú kúrò lára mi.

"Mo ní n kò mọ̀."