Aṣojú sí Ilẹ̀ Ọ̀tá

Ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, kí n tó rí ojú rẹ̀. Àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn ló ya bo ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, òkúta wọn sì la iwájú orí rẹ̀. Èmi ni nọ́ọ̀sì tó rán ojú ọgbẹ́ náà.

"Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń wá ni?"

"Ọ̀gá wa ni. Ọ̀gá gba ẹ̀yìnkùlé lọ, wọ́n ní kí èmi lọ bá wọn sọ̀rọ̀ níwájú. Nọ́ọ̀sì, ẹ rọra, orí kan ṣoṣo ni mo ní."

"Ẹ̀ bá ti fi pamọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ìrora gé ẹ̀rín náà. Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. A fẹ́ra títí ó fi di ọmọ ilé lọ́dọ̀ wa, tó kù ká dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, rédíò ń ka orúkọ àwọn tí Ààrẹ fẹ́ fi ṣe aṣojú ìjọba. Mo gbọ́ orúkọ olólùfẹ́ mi, inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń rán an lọ.

Àwọn sójà ibẹ̀ ló pa ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ sójà tiwa, lẹ́nu ààlà. Wọn ò dá òkú rẹ̀ padà. Bàbá mi, tí àwọn náà ti ṣe sójà rí, kì í jẹ́ ká dárúkọ ilẹ̀ náà nílé.

Bàbá mi gbé rédíò náà, wọ́n là á mọ́ ògiri. Ó fọ́ yángá.

Nírọ̀lẹ́, olólùfẹ́ mi wọlé. Kò tíì kí wọn tán tí ọ̀pá ìtilẹ̀ bàbá mi fi bà á lẹ́nu. Eyín kan fò jáde.

"O mọ̀, o sì ń jẹun nílé mi?"

"Mo mọ̀, sà. Kí ìjọba ibẹ̀ tó gbà mí ní aṣojú, mi ò gbọdọ̀ sọ fẹ́nì kankan. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn."

Ọ̀pá bà á léjìká. Ó bà á lẹ́yìn. Kò gbọ́wọ́ sókè.

"Bàbá wọn, ẹ ó pa ọmọ ọlọ́mọ o," ni màmá mi ń wí, wọ́n ń fa aṣọ bàbá mi.

Mo da ara mi bò ó, ọ̀pá sì bà mí lápá. Inú ń bí mi sí i, ìfẹ́ rẹ̀ sì ń pa mí.

"Kọ̀ ọ́," mo wí sí i létí. "Ọkàn mi, jọ̀ọ́, kọ iṣẹ́ yẹn."

Ó tutọ́ ẹ̀jẹ̀. "Tí mo bá kọ̀ ọ́, ẹlòmíì á lọ. Ìyẹn á bá wọn mu tíì, á bá wọn sọ ọ̀rọ̀ epo. Ta ló máa béèrè ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Ọ̀pá dúró lókè.

"Kí lo wí?" ni bàbá mi bi í.

"Ibi tí wọ́n sin ín sí, sà. Mo ti bi aṣojú tiwọn tó wà níbí, ó lóun ò mọ̀. Tí mo bá débẹ̀, màá máa bi wọ́n títí wọ́n á fi lé mi."

Bàbá mi jókòó. Wọ́n gbé ọ̀pá sílẹ̀.

"Ojúgun òsì ọmọ mi kán nígbà tó wà lọ́mọdé. Kò so pọ̀ dáadáa. Tí wọ́n bá kó egungun lásán fún ẹ, ibẹ̀ ni kó o wò."

"Ẹ ṣé, sà."

"Ìwọ ò mọ egungun. Ìyàwó ẹ ló mọ̀ ọ́n. Mú un dání."