Basit Ti Èbúté Gẹdú Dé

Ẹ̀ẹ̀rùn mú, kànga agboolé ní Bẹ́yẹrúnkà ti gbẹ kanlẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ Basit kò gbẹ láti àná tó ti Àpápá dé. Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀ sá a sóòrùn títí. Iyọ̀ hu funfun lára rẹ̀, síbẹ̀ omi ń kán.

Ara fu Àtọ́kẹ́. Ọkọ tí kì í wálé àfi nígbà Iléyá, kí ló gbé e wá láìpè? Kò kí ará ilé, kò dé mọ́ṣáláṣí, ó sì pa fóònù. Inú Àtọ́kẹ́ sọ fún un pé Basit ti fún ọmọ ọlọ́mọ lóyún l'Ékòó. Owú ń jẹ ẹ́ gan-an.

Ó bá a nínú yàrá, tó ń wọ́ àpótí láti ìhà kan sí ìkejì.

"Kí lẹ ń ṣe, Bàbá Waliyat?"

"Ilé ń fì," ni Basit wí jẹ́jẹ́. "Gẹdú orí ọkọ̀ òkun, tọ̀tún tòsì là ń já a. Bí wọ́n bá já a lápá kan, ọkọ̀ á fì. Mo sọ fún wọn o. Wọn ò gbọ́, wọ́n tú ṣéènì tó di gẹdú mú."

"Ṣé ẹnì kan fara pa ni?"

Basit di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ọwọ́ tirẹ̀ tutù. "Ẹni tó bá wá tìtorí mi, má jẹ́ kó sọ tẹnu ẹ̀ tán. Bó bá fi lè sọ ọ́ tán, mo lọ nìyẹn."

Lẹ́yìn ìrun àsárì, Alàájì Sàláúdéènì, ọ̀gá àwọn tó ń já gẹdú, dé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ṣí fìlà. "Ìyá Waliyat, ẹ bá mi pe àgbà ilé."

Àtọ́kẹ́ rẹ́rìn-ín ìbínú. Bí wọ́n ṣe ń wá bẹ̀bẹ̀ fún ìyàwó tuntun náà nìyẹn. "Ẹ sọ fún èmi gan-an, Alàájì. Oyún ọ̀hún ti póṣù mélòó?"

"Oyún kẹ̀?" Omi lé ròrò lójú bàbá náà. "Ọ̀rọ̀ tí a ò lè sọ lórí fóònù ni. Gẹdú ló yí dànù sínú omi lọ́jọ́ Ajé, Basit sì wà nísàlẹ̀. Ọlọ́run ti..."

Àtọ́kẹ́ fọwọ́ bo àgbàlagbà lẹ́nu. Ó rántí ohun tí Basit wí. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, kò fẹ́ di opó.

"Àtọ́kẹ́," ni ohùn kan pè láti inú yàrá, "ta nìyẹn?"

Alàájì tó fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ òkú Basit gbọ́ ohùn náà. Fìlà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àtọ́kẹ́ kò ṣí ọwọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ń rọra tì í sẹ́yìn lọ sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ, Alàájì," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. Ẹ má tún padà wá mọ́."