Họ́ọ̀sì Ilé Ìdáná Nínú Ọkọ̀ Àrá

Gbàù! Gíláàsì iwájú ilé oníwúrà fọ́ yángá.

Ọ̀sán gangan ni. Oníwúrà ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Àrá, olórí àwọn ọlọ́ṣà, fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu, eyín méjì já sílẹ̀. Ó ní kó ṣà wọ́n mì, torí òun ò fẹ́ràn ìdọ̀tí níbi tí òun bá ti ń ṣiṣẹ́.

Ọkùnrin náà gbé wọn mì.

Bí Àrá bá ti ṣe ìkà tán, ó máa ń ki ara rẹ̀. "Èmi Àrá, a-sán-láìṣú-òjò, a-wọlé-má-kan-lẹ̀kùn! Irin rí mi, irin yà lọ́nà!"

Ó fọwọ́ lu ìgbàdí awọ tó sán mọ́dìí. Ìgbàdí yẹn ni kì í jẹ́ kí ọta ràn án. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń yìnbọn fún un, aṣọ nìkan ló ń ya.

Òun àti Abẹ́rẹ́, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí orúkọ rẹ̀, kó wúrà bẹ́ sínú ọkọ̀.

Vùùùù! Táyà, awakọ̀ wọn, ti gbéra.

Wọn ò tíì dé ìkóríta tí wíì-wíì-wíì fi dún lẹ́yìn. Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá ni! Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni obìnrin náà ti lé wọn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sì ti jẹ eruku wọn. Sílíńdà kan tí wọ́n dè mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ lẹ́yìn ló ń fún wọn lágbára. Bí Àrá bá ṣí ẹnu sílíńdà náà, tí Táyà tẹ bọ́tìnnì, gáàsì inú rẹ̀, irú èyí tó ń pa ẹni tó bá fà á símú lẹ́rìn-ín, á bá epo wọ ẹ́ńjìnì, ọkọ̀ á sì fò.

Lónìí, Táyà ń bẹ Ọlọ́run kí Àrá má ṣí i.

Ẹ̀gbọ́n Táyà ọkùnrin ni mẹkáníìkì tó so ẹ̀rọ náà. Láàárọ̀ àná ló rí i pé irin ìjókòó ti fún họ́ọ̀sì tó ń gbé gáàsì lọ sí ẹ́ńjìnì pa. Ó tọrọ ọjọ́ méjì, kó lè wá irú rẹ̀ gan-an, èyí tí wọ́n fi wáyà irin hun lóde, tí wọ́n kọ ìwọ̀n agbára rẹ̀ sí lára, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tirẹ̀. Ó ní bí òun bá so ó tán, òun á ṣí sílíńdà, òun á fi ìfófòó ọṣẹ pa gbogbo oríkèé rẹ̀ wò, bóyá ó ń jò.

Àrá ní ẹnikẹ́ni ò ní fi gáàsì òun ṣòfò. Ó ki ọwọ́ ọ̀tún mẹkáníìkì bọ fáìsì, irin tí wọ́n fi ń há nǹkan pinpin, ó ń yí i, ó ń yí i, títí ìka mẹ́rin fi dún. Abẹ́rẹ́ lọ sí ilé ìdáná ìyá Táyà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó já họ́ọ̀sì sílíńdà ìdáná, ó fi rọ́pò ibi tó bàjẹ́. Kílíìpù méjì ló fi dè é.

"Ṣé gáàsì kọ́ ni gáàsì?" Àrá bi wọ́n.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mẹkáníìkì rọra sọ fún Táyà pé, "Àbúrò mi, họ́ọ̀sì ìdáná yẹn ò lè gba agbára gáàsì náà. Bí Àrá bá ti fọwọ́ kan sílíńdà, bẹ́ sílẹ̀."

Gbà! Gbà! Gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ tú, Sájẹ́ǹtì ti ń yìnbọn. Ọta ya apá ẹ̀wù Àrá, kò ran ara rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ síbi sílíńdà.

Táyà ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i. Mo lè já wọn sílẹ̀ báyìí náà."

Ẹnu ìbọn Àrá tutù lọ́rùn Táyà. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ti fi ìka mẹ́rin sọ tiẹ̀. Ṣé orí lo fẹ́ fi sọ tìẹ?"

Táyà wo ilẹ̀kùn. Ìbọn náà tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn sí i.

Àrá ṣí sílíńdà.

Ṣíííí... BÙÙÙ!

Họ́ọ̀sì já kúrò nínú kílíìpù, ó ń na gbogbo wọn bíi pàṣán. Èéfín funfun tó tutù ju yìnyín lọ bo inú ọkọ̀. Ọwọ́ Àrá lẹ̀ mọ́ irin sílíńdà. Ó fẹ́ ké, ẹ̀rín ló jáde. Gáàsì yẹn ti wọ̀ wọ́n lórí! Abẹ́rẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Táyà náà ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò rí ọ̀nà mọ́.

GBÀGÀÀ! Ògiri ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ló gbà wọ́n.

Sájẹ́ǹtì ṣílẹ̀kùn, ó dúró kí èéfín náà tú jáde. Abẹ́rẹ́ ti dákú sórí wúrà. Ọwọ́ Àrá funfun bí àbẹ́là, awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti kù sára irin. Ìgbàdí wà níbàdí rẹ̀, kò já. Ìgbàdí náà mọ ọta, kò mọ òtútù. Sájẹ́ǹtì mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣẹkẹṣẹkẹ há ọwọ́ yẹn gan-an, ó sì fún un pinpin.

"Ki ara ẹ nísinsìnyí, kí n gbọ́."

Ẹ̀rín nìkan ni Àrá rí rín.

Sítíárìn ti fọ́ àyà Táyà. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí ohun tí mẹkáníìkì rí, nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú àbúrò rẹ̀: ẹnu rẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Kò sunkún. Ó ní kí wọ́n fi họ́ọ̀sì náà han òun. Ó fi ọwọ́ òsì gbà á, ó gbóòórùn epo ọbẹ̀ lára rẹ̀.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ẹ má jẹ́ kí màmá wa rí èyí. Láti àná ni wọ́n ti ń wá a."