Ọ̀rọ̀ Tí Làtífátù Yí Padà

Tẹlifíṣàn ni Ìdírísù kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọmọbìnrin tó gbé e lé itan. Ibùdókọ̀ Tchamba ni, lọ́jọ́ ọjà, nígbà tó ti ta iṣu rẹ̀ tán tó sì ń wá omi tútù mu. Páálí ńlá kan ló rí lórí àga gbọọrọ, tí ẹsẹ̀ méjì yọ nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ìborí aláwọ̀ ewé yọ lókè. Lábẹ́ ìborí náà, ojú méjì tó ti bínú ń wo gbogbo alálùpùpù tó bá kọjá. Àwọn mẹ́rin ló ti kọ̀ láti gbé e. Wọ́n ní ọ̀nà Kambolé kò dára, bí ẹrù náà bá fọ́ lọ́nà, ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀?

Ìdírísù kì í gbé èrò. Ọmọ Àkànó àgbẹ̀ ni, ará Kambolé, ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, iṣu àti àgbàdo sì ni alùpùpù rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbé e dé iwájú ọmọbìnrin náà kó tó rò ó, ẹnu rẹ̀ sì ti sọ pé Kambolé lòun ń lọ.

"Ẹ ti gbé tẹlifíṣàn rí?" ni ọmọbìnrin náà bi í.

"Mo ti gbé ewúrẹ́ rí. Tẹlifíṣàn kì í tàpá."

Ó rẹ́rìn-ín láìfẹ́ rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe gba ọ̀nà nìyẹn: Ìdírísù níwájú, tẹlifíṣàn láàárín, ọmọbìnrin lẹ́yìn tó fi apá méjèèjì gbá páálí mọ́ra. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ ló gba orí páálí náà kọjá. Kí wọ́n tó débẹ̀, Ìdírísù ti mọ̀ pé Làtífátù lorúkọ rẹ̀, pé Sokodé ló ti wá, ní àdúgbò Komah, pé Alájì Àbúdù aláṣọ, ọmọ àwọn oníṣòwò tó ti Nàìjíríà wá, ni bàbá rẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ ló kán lẹ́sẹ̀ ní Kambolé tó ń bọ̀ wá tọ́jú, Alájì ló sì fi tẹlifíṣàn rán an sí ìyá àgbà.

Ìdírísù béèrè ìdí tí Alájì kò fi gbé e wá fúnra rẹ̀. Làtífátù tún gbá páálí mọ́ra, ìgbà náà ni ọkùnrin yìí rántí ìtàn tí gbogbo Kambolé mọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti kọjá tí Àbúdù, ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà, wá ta aṣọ ní Kambolé tó rí Sẹ̀gilọlá. Àwọn ará ilé ní àwọn kò fi ọmọ fún àlejò. Ó di ọjọ́ Jímọ̀ kan, gbogbo ọkùnrin wà ní mọ́sáláṣí, àwọn méjèèjì sì sá lọ. Sokodé ni wọ́n ti so yìgì, láìsí ẹnì kan láti ilé ìyàwó. Ìtìjú kò jẹ́ kí Sẹ̀gilọlá padà wálé mọ́, ikú sì mú un nígbà tí Làtífátù jẹ́ ọmọ ọdún méje. Alájì ń fi ìrẹsì ránṣẹ́, ó ń fi aṣọ ránṣẹ́. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni kò rán.

Ìyá àgbà náà, tí wọ́n ṣì ń pè ní Ìyá Sẹ̀gilọlá, wo páálí náà títí. Ó ní kí wọ́n gbé e sí àgbàlá, òun kò ní bá a jà, òun kò sì ní wò ó.

Kò sí iná láti fi tàn án. Ìdírísù ló gbé sólà rẹ̀ wá, ó ní òun kì í lò ó lọ́sàn-án. Irọ́ ni. Sólà náà ni ìdajì àdúgbò ń gbé fóònù wá gba iná lára rẹ̀ lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ sọ fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan?

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì, àwọn obìnrin àdúgbò ń pé jọ sí àgbàlá náà láti wo eré kan tí wọ́n sọ ní Àwọn Ìsáǹsá. Ìtàn ọmọ olówó kan ni, Mírẹ́ì, tí bàbá rẹ̀ purọ́ olè mọ́ ọkùnrin tó fẹ́ràn. Àwọn méjèèjì wá ń sá kiri, láti ìlú dé ìlú, ọlọ́pàá lẹ́yìn wọn. Faransé ni wọ́n ń sọ, àwọn obìnrin wa kò sì gbọ́ Faransé. Nítorí náà, Làtífátù a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn, a máa túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Sẹ̀gilọlá a na ẹsẹ̀ sórí ẹní, a kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣàn, a máa yọ ẹ̀gúsí. Kò wo nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kì í bọ́ sílẹ̀ létí rẹ̀.

Ìdírísù kì í lè jókòó. A tún wáyà tí kò bàjẹ́ ṣe, a yí sólà tó ti dojú kọ oòrùn. Ó kàwé díẹ̀ ní Tchamba, ó gbọ́ Faransé, kò sì pẹ́ tó fi rí i pé ògbufọ̀ yìí ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó sún mọ́ ọn, ó rọra sọ fún un pé ọ̀gbẹ́ni inú eré kò ṣèlérí ilé kankan fún Mírẹ́ì.

"Ìwọ tó o gbọ́ Faransé, má ba tèmi jẹ́," ni Làtífátù wí. "Obìnrin tó ti sá fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń ṣèlérí ilé fún?"

Ọjọ́ yẹn ni Ìdírísù bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ògbufọ̀, Làtífátù náà sì sọ ọ́ ní Oníṣu. Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára báyìí, láàárín wáyà àti ìtumọ̀. Ó wá di ìgbà ebè kíkọ, Làtífátù gbé oúnjẹ lọ sóko fún àwọn tó ń bá Àkànó ṣiṣẹ́, Ìdírísù sì sìn ín dé ojú ọ̀nà.

"Láti ọjọ́ tí mo ti gbé ọ ní Tchamba," ni Ìdírísù wí, "tẹlifíṣàn yẹn ṣì wà láàárín wa. Mo fẹ́ ká gbé e kúrò, Làtí."

Ọmọbìnrin náà wolẹ̀, ó tún ìborí rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ká gbé e, Oníṣu mi. Kó má fọ́."

Ayọ̀ wọn kò pẹ́. Wọ́n rí wọn lọ́jà Koussountou lórí alùpùpù, kò sì sí páálí kankan láàárín wọn lọ́jọ́ yẹn. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ọ̀rọ̀ ti dé Komah. Alájì pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó ní òun ti ṣèlérí fún bàbá Kàsímù pé Kàsímù, tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù, ni yóò fẹ́ ẹ, mọ́tò yóò sì wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé. Ìdírísù fò lọ sí Sokodé láti lọ kí i. Alájì mú un dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó wọn aṣọ fún oníbàárà mẹ́ta láìwo ojú rẹ̀, ó wá ní ọwọ́ àgbẹ̀ dára, iṣu ni Ọlọ́run dá a fún.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà padà sílé. Ó ní àbúrò bàbá kan ní Mànígìrì, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ibodè kò sì jìnnà. Òun àti Làtífátù pinnu. Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ tó ṣáájú Sátidé yẹn, ni apá ìkẹyìn Àwọn Ìsáǹsá. Bó bá ti tán, tí àwọn obìnrin bá ń nu ojú, wọn yóò gba ẹ̀yìn ògiri jáde. Epo ti kún alùpùpù. Báàgì Làtífátù ti wà lábẹ́ àpò àgbàdo tó wà lórí alùpùpù náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ara Làtífátù kò lélẹ̀. Ó fọ abọ́ tó mọ́. Ó gbálẹ̀ àgbàlá, ó tún gbá a. Ìyá Sẹ̀gilọlá ń wò ó láti orí ẹní.

"Ìyá rẹ náà gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn," ni ìyá àgbà wí.

Ó na ọwọ́ sí igbá ẹ̀gúsí rẹ̀. Làtífátù di ìgbálẹ̀ mú, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Lẹ́yìn Alásárì, àgbàlá kún. Fúlèrá tó ń gbé ilé kejì ti mú aṣọ ìnujú dání láti ilé. Eré bẹ̀rẹ̀, Làtífátù ń túmọ̀, ohùn rẹ̀ ń yára bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mírẹ́ì àti ọkùnrin rẹ̀ sá la igbó kọjá, ajá ń gbó lẹ́yìn wọn, títí wọ́n fi dé etí odò ńlá kan. Òdìkejì odò náà, ilẹ̀ mìíràn ni. Bí wọ́n bá kọjá, ó parí. Mírẹ́ì mú fóònù jáde, ó pe bàbá rẹ̀, ó ń sunkún. Ohun tó sọ kò gùn. Ó ní kí ó má wá òun mọ́, òun kò ní bàbá mọ́.

Ìdírísù gbọ́ ọ. Gbogbo àwọn yòókù ń wo ẹnu Làtífátù, ẹnu náà kò sì là.

"Kí ló wí?" ni Fúlèrá béèrè.

Làtífátù wo ẹ̀yìn ìyá àgbà. Ọwọ́ ìyá náà ti dúró nínú ẹ̀gúsí. Ẹ̀yìn tó tẹ̀ náà, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó ti ń dúró de ohùn kan. Ọ̀rọ̀ Mírẹ́ì wà lórí ahọ́n Làtífátù, ó sì mọ̀ pé bí òun bá fi ẹnu òun sọ ọ́, òun yóò gun alùpùpù yẹn.

"Ó ní," ni Làtífátù wí, "'Bàbá, etí odò ni mo wà. Ẹ má jẹ́ kí n kọjá láìrí yín. Bí mo bá kọjá báyìí, mi ò ní lè wá wojú yín mọ́, ẹ̀yin náà ò ní lè wá wo tèmi. Ẹ bínú, ṣùgbọ́n ẹ wá.'"

Lójú tẹlifíṣàn, Mírẹ́ì ju fóònù sódò. Ó di ọwọ́ ọkùnrin rẹ̀ mú, wọ́n wọ omi lọ. Fúlèrá béèrè ìdí tó fi ju fóònù nù. Làtífátù ní ó ti sọ ohun tó fẹ́ sọ tán ni.

Àwọn obìnrin sunkún bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n Ìdírísù tó dúró ti sólà rẹ̀ ti gbọ́ ìtumọ̀ tí ẹlòmíràn kò gbọ́: olólùfẹ́ òun kò sá mọ́. Ó dùn ún dé egungun. Mọ́tò Alájì ń bọ̀ lọ́la, bóyá òun kò ní rí i mọ́ láyé. Ó jáde sẹ́yìn ògiri, ó dúró ti alùpùpù rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó padà wọlé, báàgì ló gbé lọ́wọ́, ó sì gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìyá àgbà lójú gbogbo ènìyàn.

"Ìyá, ẹrù Làtífátù nìyí," ni ó wí. "Mo fẹ́ jí i gbé lọ lónìí. Mi ò jí i mọ́."

Ohùn tó kàn wá láti ẹ̀yìn ògiri kúkúrú iwájú ilé. Alájì Àbúdù dúró síbẹ̀ nínú agbádá funfun, eruku pupa dé orúnkún rẹ̀. Ẹni tó bá ti sá rí ló mọ ọjọ́ tí wọ́n ń sá. Kò dúró de Sátidé. Láti ìgbà tí Mírẹ́ì ti dé etí odò ló ti wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí i.

"Làtífátù," ni ó wí, "ọmọ yẹn ò sọ bẹ́ẹ̀."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀.

"Ó ní òun ò ní bàbá mọ́. Mo gbọ́ ọ. Faransé ni mo fi ń ra aṣọ ní Lomé. Kí ló dé tó o fi yí i padà?"

"Torí pé èmi ní bàbá."

Alájì wọlé. Ó kọjá lára ọmọ rẹ̀, ó kọjá lára Ìdírísù tó ti dọ̀bálẹ̀, ó lọ síwájú ẹní ìyá àgbà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú agbádá funfun sórí èèpo ẹ̀gúsí.

"Ìyá mi," ni ó wí, "ọmọ yín ni mo wá tọrọ. Sẹ̀gilọlá."

Orúkọ náà ló mú kí àwọn obìnrin sunkún gidi, èyí tí wọn kò mú aṣọ ìnujú wá fún. Ìyá àgbà wo orí ọkùnrin náà. Irun rẹ̀ ti funfun.

"O pẹ́, Àbúdù. Ọmọ náà ò lè dúró dè ọ́." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mo fi í fún ọ. Dìde, o ti ba aṣọ rẹ jẹ́."

Nígbà tó dìde, ó wo báàgì náà, ó wo Ìdírísù. Ó ní òun ti gbé irú báàgì yẹn rí, òun kò sì gbé e padà. Ó ní kí Àkànó wá rí òun ní Komah, ẹnu ọ̀nà iwájú ni kí wọ́n gbà. Ọ̀rọ̀ Kàsímù, òun fúnra òun ni yóò lọ bẹ bàbá rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Kàsímù náà kò kú sí i. Ní oṣù kejì ó ti ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú ilé ọlọ́mọge mìíràn.

Kambolé ni wọ́n ti so yìgì, Alájì ló fi dandan lé e. Ó ní láti ilé yẹn ni ìyàwó yóò ti jáde lójú gbogbo ayé. Àwọn ará Komah gba Tchamba wá, obì goro pọ̀, àdúrà pọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí oòrùn rọ̀, Ìdírísù gbé alùpùpù rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà. Làtífátù jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra, kò sì sí nǹkan kan láàárín wọn.

Ìyá Sẹ̀gilọlá fi ọ̀pá tilẹ̀ wá bá wọn. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣì ń jẹ òun lọ́kàn.

"Ògbufọ̀, àwọn tó wọ odò yẹn, ṣé bàbá rẹ̀ dé?"

"Ó dé, Ìyá," ni Làtífátù wí.

Ìdírísù, tó gbọ́ Faransé dáadáa, kò sọ nǹkan kan.