Ta Ló Dáhùn ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀?

Wàláì, òótọ́ ni. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi, ní Karmo níbí ní Abuja, nígbà tí oòrùn wà lókè. Ó dáa, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ibì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ àtọwọ́dá mi. Ibì kan péré. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ tán ná, màá fi ọwọ́ ara mi tọ́ka sí i.

Orúkọ mi ni Ọlásúnkànmí. Ìwé kò yé mi, èmi náà kò yé ìwé, a sì ti yọwọ́ lọ́rọ̀ ara wa láti kíláàsì kẹrin girama. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni kí n fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ títí òun náà á fi rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Lateefah, ni mò ń gbé. Òun ló mú mi wá láti Ìsẹ́yìn, òun ló ń bọ́ mi, òun nìkan ni mo ní ní ìlú yìí. Òun náà ló dá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀.

Àwa ọ̀dọ́ Yorùbá tó wà ní Abuja ní ojúlé kan tẹ́lẹ̀ lórí ọ̀kan nínú àwọn ìkànnì ńláńlá orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ti ojúlé náà pa. Wọn ò sọ ìdí. Inú bí Àǹtí Lateefah. Ó ní, "Ẹni tó ń gbé ilé onílé ò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri. A ó kọ́ tiwa." Bẹ́ẹ̀ ló gbé ògbólógbòó kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó so ó mọ́ bátìrì sólà, ó sì di ilé wa, Ọ̀dẹ̀dẹ̀. Inú rẹ̀ la ti ń kí ara wa, tí a ti ń bú ara wa, tí a ti ń polówó ọjà. Kò sí ọ̀gá kankan lókè wa. Àwọn mìíràn náà kọ́ tiwọn. Ọ̀rẹ́ mi Dọ̀tun ní ọ̀kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù gbàjámọ̀ bàbá rẹ̀ ní Dutse Alhaji. Ilé kọ̀ọ̀kan ní onílé tirẹ̀, àmọ́ ọ̀nà wà láàárín wọn. Ẹni tó wà nílé Dọ̀tun lè pe ẹni tó wà nílé wa lórúkọ, kí tọ̀hún sì jẹ́ ìpè náà.

Èmi ni igbákejì onílé. Ẹ fojú inú wò ó! Mo ti sọ àwòrán gbogbo èèyàn di ti ewúrẹ́ rí. Mo ti yí bọ́tìnnì "Fi ránṣẹ́" padà sí "Gbé e mì".

Lẹ́yìn náà ni mo ṣe Adáhùn. Róbọ́ọ̀tì kékeré kan ni, inú ẹ̀rọ ló ń gbé, kò lára. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ rẹ ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀, Adáhùn á dáhùn fún ọ pé, "Mò ń bọ̀." Níyìolúwa wà lára wa; ìyá rẹ̀ pè é níbẹ̀ kó wá fọ abọ́. "Mò ń bọ̀." Níyìolúwa sì ń sùn, ó ń hanrun. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

"Súnkànmí, ìwọ ni, àbí?" Níyìolúwa kọ ọ́ sójú gbogbo èèyàn. "Ìgbálẹ̀ ni ìyá mi fi jí mi o!"

"Ta ni ìbá tún jẹ́?" ni mo fèsì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, gbogbo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní Karmo. Kò sí adìyẹ tó ké. Kò sí ọmọdé tó sunkún. Ìró fáànù kékeré inú kọ̀ǹpútà nìkan ni mò ń gbọ́ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ẹni ń mí.

Mo wo fóònù mi. Ẹnì kan ti pe Tọ́pẹ́.

Orúkọ rẹ̀ nìkan. "Tọ́pẹ́."

Nísàlẹ̀ rẹ̀: "Mò ń bọ̀."

Orúkọ ẹni tó pe èèyàn máa ń hàn, orúkọ ilé tó ti pè á sì tẹ̀lé e. Ti eléyìí kò hàn. Kò ní orúkọ ẹni, kò ní orúkọ ilé. Òfìfo ni.

Tọ́pẹ́ máa ń dirun ní ìkóríta wa. Ó ń di ti obìnrin kan lọ́wọ́ lọ́sàn-án yẹn. Ó fi í sílẹ̀ ní ìdajì, ó dìde, ó gba ọ̀nà Idu lọ, níbi tí ojú irin wà. Oníbàárà rẹ̀ sáré tẹ̀lé e, apá kan orí rẹ̀ dán, apá kejì rí wúruwùru.

"Tọ́pẹ́! Orí mi ńkọ́? Ṣé báyìí ni mo fẹ́ padà sílé ọkọ?"

Ẹ̀bá ojú irin ni wọ́n ti dá a dúró. Kò bá wọn jà. Ó kàn ní, "Mo ti ní mò ń bọ̀. Wọ́n ń retí mi."

"Ta ló ń retí ẹ?"

"Wọ́n ṣáà ń retí mi."

Nígbà tí mo gbọ́, mo rẹ́rìn-ín.

Ó tún kan Mùbárákù, tó ń wa kẹ̀kẹ́ Màrúwá ní Utako. Láàárín ọjà, ó bọ́ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń dún, èrò wà lẹ́yìn. Ó ń rìn lọ. Obìnrin tó gbé ń pariwo, "Kai! Kai! Ta lo fẹ́ fi mí sílẹ̀ fún?" Àwọn awakọ̀ sáré bá a, wọ́n gbé e sókè. Wọ́n ní ọ̀nà Idu ló kọjú sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń rìn nínú afẹ́fẹ́.

Mo wo Ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Mùbárákù." Nísàlẹ̀: "Mò ń bọ̀."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Bí ilé kan bá ń yọ wá lẹ́nu, a lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo gbìyànjú rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ á kọ́kọ́ bi ọ́ pé, kí ni orúkọ ilé náà? Mo fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ní kò sí ilé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Lateefah pè mí. Ojú rẹ̀ le.

"Súnkànmí, kí ni Màmá máa ń sọ fún wa ní Ìsẹ́yìn?"

"Màmá máa ń sọ nǹkan púpọ̀, Àǹtí."

"Má bá mi ṣeré. Bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ lọ́sàn-án gangan, tó ò sì rí ẹni tó pè ọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n ní ká má dáhùn."

"Ìwọ wá lọ gbé nǹkan kalẹ̀ tí yóò máa dáhùn fún ọmọ ọlọ́mọ. Lọ pa á. Báyìí!"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Màá pa á."

Mo lọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Mo jókòó pẹ́. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, àdúgbò tún dákẹ́. Àǹtí wà ní ilé ìdáná, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mò ń gbọ́ bí ẹ̀wà ṣe ń bọ́ sínú abọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ ọ mọ́.

Mo wo fóònù.

"Lateefah."

Mo fò dìde. Mo fa wáyà kọ̀ǹpútà yọ, mo yọ bátìrì inú rẹ̀ pẹ̀lú. Iná rẹ̀ kú. Fáànù rẹ̀ dákẹ́. Mo pe Dọ̀tun, torí pé ohun tí wọ́n bá kọ nílé wa, ẹ̀dà rẹ̀ máa ń dé ilé tirẹ̀.

"Dọ̀tun, wo orúkọ Àǹtí mi. Ṣé nǹkan kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀?"

"Kò sí."

Mo mí kanlẹ̀.

"Dúró," ni Dọ̀tun wí. "Ó ti dé. 'Mò ń bọ̀.' Súnkànmí, jọ̀ọ́, fi eré yìí sílẹ̀."

"Mo ti pa ẹ̀rọ! Ó wà lọ́wọ́ mi níbí, ó ti kú!"

Mo gé ìpè náà.

Àǹtí Lateefah jáde láti ilé ìdáná. Ó ti wọ híjáábù rẹ̀. Ẹ̀wà ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, ibo lẹ ń lọ?"

"Ibì kan."

"Ibo ni ibì kan?"

"Wọ́n á fi hàn mí."

Mo dí ẹnu ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ kan gbé mi kúrò bí ẹni gbé àpótí ìjókòó. Àǹtí mi, tí kò lè dá gáàsì gbé.

Ó ṣí ilẹ̀kùn. Mi ò mọ àdúrà tó gùn. Ẹ̀tàn ni mo mọ̀. Mo ní àyè tèmi nílé Dọ̀tun, mo sì lè fi fóònù wọ ibẹ̀. Mo wọlé. Mo pa orúkọ mi rẹ́, mo kọ tirẹ̀ síbẹ̀, mo fi àwòrán rẹ̀ rọ́pò tèmi. Mo wá kọ̀wé sí òfìfo yẹn: "Èmi ni Lateefah. Èmi ni mo ní mò ń bọ̀. Ẹ má retí ẹlòmíràn."

Ìdáhùn yọ nísàlẹ̀ rẹ̀, láìsí orúkọ:

"A ti gbọ́."

Àǹtí dúró lórí àtẹ̀gùn. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Súnkànmí, kí ni mo wá ṣe níta pẹ̀lú ẹ̀wà lọ́wọ́?" Jẹnẹrétọ̀ kan sọjí lẹ́yìn ilé. Adìyẹ kan ké.

Mo sọ fún un pé Adáhùn ni, pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, pé mo ti pa á rẹ́ pátápátá. Ó gbá mi létí. Ó yí ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń wọ inú ẹ̀rọ padà kí n má bàa ṣe igbákejì onílé mọ́. Lẹ́yìn náà, ó gbá mi mọ́ra, ó ń sunkún. Láti ìgbà náà, wọn ò tíì pe ẹnikẹ́ni.

Ó ku ibi tí mo ti purọ́.

Adáhùn ni. Mi ò ṣe Adáhùn kankan. Mi ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú rẹ̀. Ọjọ́ tí "Mò ń bọ̀" àkọ́kọ́ jáde lábẹ́ orúkọ Níyìolúwa, mo rò pé Dọ̀tun ló ṣe é. Dọ̀tun rò pé èmi ni. Nígbà tí gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń yìn mí, mo gba ìyìn náà. Orúkọ ni mo kàn fún un. Ọjọ́ tí Àǹtí ní kí n lọ pa á, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí mo lè pa.

Mi ò tíì sọ fún un. Kì í ka ohun tí mo bá kọ, ó ní irọ́ ló kún inú rẹ̀. Ó ń sùn dáadáa báyìí. Ó gbà pé àbúrò òun tó ya ìpátá ló fa gbogbo rẹ̀, òun sì ti kápá rẹ̀. Mo fẹ́ kó máa gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ilé Dọ̀tun, Lateefah ṣì ni orúkọ mi. Mi ò jẹ́ yí i padà, kó lè jẹ́ pé èmi ni wọ́n ń retí, kì í ṣe Àǹtí.