Epo Pupa Lára Ẹ̀rọ

"Dorcas, ṣí i ká rí i. Díẹ̀ báyìí péré!"

Hannah ló ń bẹ̀bẹ̀. Ó ti fi imú kan dígí àpótí náà, èémí rẹ̀ sì ti bo ojú dígí. Àlàkẹ́ dúró lẹ́yìn, ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Àkókò ìsinmi ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fọ́n sí abẹ́ igi ọsàn àti ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́jà. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta yìí nìkan ló kù nínú yàrá sáyẹ́ǹsì. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà, Dorcas nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀, torí òun ló kàn láti ṣọ́ ẹyin lọ́jọ́ náà.

Ẹyin awó ni. Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé, tíṣà sáyẹ́ǹsì wọn, ló kan àpótí pákó kan, tó gbé fìtílà sísàlẹ̀ rẹ̀ kí inú rẹ̀ lè máa móoru. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn yóò pa ọmọ awó láìsí abo tí yóò sàba lé ẹyin. Ọdún 1978 ni. Nígbà tí àwọn ará Fìdítì gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ẹ gbọ́ nǹkan o, tíṣà fẹ́ sàba!"

Ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ́ kí Hannah kúrò nídìí àpótí kì í ṣe ẹyin, ẹ̀rọ tó ń yí ẹyin ni. Gbogbo ẹni tó bá ti sin adìyẹ rí ló mọ̀ pé bí adìyẹ bá ń sàba, a máa fi ẹnu yí ẹyin rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì lójoojúmọ́. Bí èèyàn bá sì ń ṣí àpótí láti fi ọwọ́ yí i, ooru á jáde. Ni tíṣà bá mú ẹ̀rọ kékeré kan wá, tó tú lára ọkọ̀ òfuurufú ìṣeré tó rà nígbà tó ń kàwé lókè òkun. Méjì ló mú bọ̀. Ẹ̀rọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ, ó sì ní apá kan ṣoṣo. Sẹ́fò ni tíṣà pè é. Onígbọràn ni àwọn ọmọ kíláàsì ń pè é.

Orúkọ náà sì ro ó. Tíṣà fi bọ́tìnì kan tí a ń yí sẹ́yìn àpótí, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì yí i ká: òsì, àárín, ọ̀tún. Ibi tí o bá yí bọ́tìnì sí ni apá ẹ̀rọ yóò yí sí, yóò sì gbé pẹpẹ ẹyin tẹ̀ lé e.

"Mọ́tò yòókù, tí ẹ bá ti fún un níná, yíyí ló máa ń yí," báyìí ni tíṣà ṣe ṣàlàyé fún wọn. "Èyí yàtọ̀. Ó mọ ibi tí òun wà, ó mọ ibi tí a rán òun. Tó bá débẹ̀, ó dúró. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa o! Ẹ ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan dí i lọ́nà. Tí kò bá dé ibi tí a rán an, kò ní gbà. Á máa ti nǹkan náà, á máa kùn, títí ara rẹ̀ á fi gbóná, tí yóò fi jóná."

Dorcas gbọ́ ọ. Òun gan-an ló tún un sọ nígbà tí tíṣà bi kíláàsì léèrè.

Ṣùgbọ́n ìgbéraga, nǹkan burúkú ni. Hannah ti sọ pé, "Àbí o ò lè ṣe é ni? Ògúnbùnmi ọmọ alágbẹ̀dẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n lò, mo mọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ta Dorcas lára. Ó ṣí àpótí. Ó mú ẹyin kan, ó gbé e sójú oòrùn kí wọ́n lè rí òjìji ọmọ inú rẹ̀. Kí pẹpẹ má baà mì, ó mú dọ́sítà tí wọ́n fi ń nu pátákó, ó kì í bọ abẹ́ pẹpẹ náà. Lẹ́yìn náà ló dá ẹyin padà, tó yí bọ́tìnì sọ́tùn-ún.

"Ẹ wá wò ó. Tí mo bá yọ dọ́sítà yìí báyìí, á fò lọ síbi àmì rẹ̀, á sì dúró gbọn-in..."

"Tíṣà ń bọ̀!" Àlàkẹ́ ló ké.

Wọ́n pa àpótí dé, wọ́n sá jáde. Ẹnu ọ̀nà ni Dorcas wà tó ti gbọ́ ọ: *ùùùn*. Ohùn tín-ín-rín, bí ìgbà tí ẹ̀fọn bá ń kọrin létí ẹni. Ó gbọ́ ọ, ó sì mọ ohun tó jẹ́.

"Dorcas, ẹyin ńkọ́?" tíṣà bi í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Wọ́n wà dáadáa, sà."

Tíṣà kọjá lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Àyè ṣí sílẹ̀ fún Dorcas láti padà. Kò padà. Ó ń wo ojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò fẹ́ kí wọ́n rí i pé ẹ̀rù ń ba òun. Ó bá wọn lọ jẹ ọsàn.

Nígbà tí agogo lù, òun ló kọ́kọ́ sáré wọlé. Èéfín ló kí i káàbọ̀. Ó yọ dọ́sítà, ó jù ú sídìí pátákó, ó yí bọ́tìnì sáàárín. Onígbọràn kò mira. Ó yí i sósì, ó yí i sọ́tùn-ún. Pábó.

"Háà! Ta ló ń dín àkàrà níbí?" ni ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ wọlé lẹ́yìn rẹ̀ wí.

Òótọ́ ni. Gbogbo yàrá ń rùn bí ìgbà tí epo pupa bá jóná nínú agbada. Ìdí rẹ̀ kò ṣẹ̀yìn Ògúnbùnmi, ọmọ Bàbá Alágbẹ̀dẹ. Òun àti bàbá rẹ̀ ló rọ irin tí pẹpẹ náà jókòó lé, ìyá rẹ̀ ló sì fún ilé ẹ̀kọ́ ní ẹyin awó. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ó mú epo díẹ̀ wá nínú agolo, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ẹ̀rọ náà lórí. Ó ní, "Ní àgbẹ̀dẹ wa, irin kì í ṣiṣẹ́ àkọ́kọ́ láì tọ́ epo wò." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà, tí í ṣe ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi pọ́nńbélé, fajú ro, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ yìí, ó sọ ọ́. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ pọ́n fún epo. Ó yíjú sí Ògúnbùnmi.

"O ti rí i báyìí? O ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ? Èyí tí mo gbé gba orí òkun wálé, o bọ ọ́ bí ẹni ń bọ Ògún!"

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ká ní Ògúnbùnmi jiyàn ni, ọ̀rọ̀ ìbá rọ Dorcas lọ́rùn díẹ̀. Kò jiyàn. Ó gbà gbọ́ pé òun ni. Ojú rẹ̀ rọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín kíláàsì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ire ni mo rò pé mo ń ṣe."

"Ìwọ ni mo fẹ́ mú lọ síbi ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn. Ó tán. Màá gbé sẹ́fò kejì sí i, o ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Dorcas ni yóò bá mi lọ."

Kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún Dorcas. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí yóò fi rí ọ̀rọ̀ sọ, tíṣà ti kọjú sí pátákó, ó ti mú dọ́sítà náà, ó ń fi í nu iṣẹ́ àná.

Láti ọjọ́ náà ni ara Dorcas kò ti lélẹ̀ mọ́. Bí bàbá rẹ̀, tí í ṣe díákónì, bá ń gbàdúrà ní òwúrọ̀ pé kí Ọlọ́run dárí ẹ̀ṣẹ̀ jin gbogbo ilé, *ùùùn* ni ọmọ yìí ń gbọ́ létí. Ó lọ bá Hannah, ó ní òun fẹ́ jẹ́wọ́.

"Ṣé orí rẹ pé ṣá?" Hannah dá a lóhùn. "Ta ló bi ọ́? Òun fúnra rẹ̀ gbà pé òun ni. Mú ìrìn àjò rẹ lọ, jàre."

Àwọn ọmọ kíláàsì ti fún Ògúnbùnmi ní orúkọ tuntun: Elépo. Bó bá ń kọjá, wọ́n á máa fa òórùn símú, wọ́n á ní, "Àkàrà ti jinná o!" Lọ́jọ́ kan, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Dorcas náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà bi í pé kí ló dé tí òun kò rín. Ògúnbùnmi gbójú sókè, ojú àwọn méjèèjì sì ṣe mẹ́rin. Ẹ̀rín náà korò lẹ́nu Dorcas ju ewúro lọ.

Ó ku ọ̀la kí wọ́n lọ sí Ìbàdàn. Tíṣà àti Dorcas ń di ẹ̀rọ kejì sínú páálí nígbà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Bàbá Alágbẹ̀dẹ ni. Aṣọ tó dára ló wọ̀, bí ẹni ń lọ òde, ṣùgbọ́n àmì iná ṣì wà lápá rẹ̀. Ògúnbùnmi tẹ̀ lé e, ó gbé irin pẹpẹ dání.

Bàbá ṣí fìlà. Kí tíṣà tó rí ohun tó ń ṣe, bàbá arúgbó náà ti wólẹ̀, àyà rẹ̀ ti kan símẹ́ńtì, níwájú ẹni tí kò ju àkọ́bí rẹ̀ lọ.

"Bàbá! Ẹ dìde! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi o!"

"Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín, tíṣà. Ọmọ ò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo kọ́ ọ. Bàbá mi ló kọ́ èmi náà. Tí epo bá ba nǹkan òyìnbó jẹ́, ọwọ́ wa ló ti wá. Ẹ dá mi lẹ́bi, kí ẹ dá ọmọ sí."

Ògúnbùnmi na irin náà sí Dorcas. "Gbà á. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi iyẹ̀pẹ̀ bó o. Kò sí epo lára rẹ̀ mọ́. Kò ní ba tìẹ náà jẹ́ ní Ìbàdàn."

Irin náà mọ́ tónítóní. Dorcas kò lè gbà á. Ó wo bàbá tó ṣì wà nílẹ̀. Ni ó bá bú sẹ́kún.

"Kì í ṣe epo, sà! Èmi ni! Mo ṣí àpótí, mo ki dọ́sítà bọ abẹ́ pẹpẹ, mo sì yí bọ́tìnì. Mo gbọ́ tó ń kùn. Mo gbọ́ ọ, sà, mo bá tèmi lọ. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, èmi ni mo jẹ̀bi!"

Ó kúnlẹ̀. Tíṣà wá fa àpótí tábìlì rẹ̀, ó mú Onígbọràn tó ti kú jáde, ó tú u. Kò sí ẹ̀kán epo kan nínú rẹ̀. Ike tó bò ó kò jẹ́ kí epo wọlé. Wáyà inú rẹ̀ nìkan ló jó dúdú.

"N kò tilẹ̀ tú u wò," tíṣà wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Òórùn epo ni mo gbọ́, mo ti dájọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀ o, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́." Òun náà dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ forí jì mí. Ògúnbùnmi, má bínú."

Bàbá Alágbẹ̀dẹ dìde, ó gbọn eruku kúrò láyà aṣọ rẹ̀. Dorcas ń retí èpè. Bàbá kò ṣépè.

"Ọmọ mi," ó wí, "ẹrù yìí ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. O ti sọ̀ ọ́ báyìí. Má tún gbé e mọ́."

Ṣùgbọ́n Ògúnbùnmi kò rọ̀ bí bàbá rẹ̀. "Mo rò pé èmi ni," ó wí. "O mọ̀ pé èmi kọ́, o sì bá wọn rẹ́rìn-ín." Ó gbé irin rẹ̀, ó jáde.

Ògúnbùnmi ló bá tíṣà lọ sí Ìbàdàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Dorcas dúró níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ó sọ ohun tó ṣe, ojú sì tì í dé àtẹ́lẹsẹ̀. Hannah kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀ díákónì ti mú un lọ sí àgbẹ̀dẹ ní àṣálẹ́ àná láti tún tọrọ àforíjì. Tíṣà sì fi ẹyin awó lé e lọ́wọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ ti lọ sí Ìbàdàn, òun ni yóò máa fi ọwọ́ yí wọn, kíákíá, kí ooru má baà jáde. Ó ń yí wọn ṣáá, kò sì gbàgbé lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbà tí àwọn tó lọ sí Ìbàdàn padà dé, Ògúnbùnmi bá a nídìí àpótí. Àwọn ọmọ awó mélòó kan ti jáde nínú ẹyin, wọ́n ń ké *ṣíọ́ṣíọ́*, ara wọn ṣì tutù. Ó wò wọ́n. Ó so ẹ̀rọ kejì mọ́ ibi tó yẹ. Lẹ́yìn náà ló fa agolo epo kan yọ nínú báàgì rẹ̀, ó tì í sí iwájú Dorcas.

"Èyí ò tíì tọ́ epo wò," ó wí. "Ìwọ ni kó o fi kàn án."

Dorcas wo tíṣà. Tíṣà ń wo ojú fèrèsé bí ẹni pé òun ò rí nǹkan kan. Dorcas ti ìka bọ epo, ó fi kan ẹ̀rọ náà lórí. Ògúnbùnmi yí bọ́tìnì, pẹpẹ rọra dìde, ó dé ibi àmì, ó sì dúró.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ẹni tí kì í ṣàṣìṣe. Dọ́sítà kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ Dorcas tó tóbi jù. Èyí tó tóbi jù ni pé ó gbọ́ tí nǹkan ń kùn, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, títí àgbàlagbà fi dọ̀bálẹ̀ nítorí ohun tí kò ṣe. Bí ẹ bá ṣẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ sọ pé ẹ̀yin ni. Ẹni tó bá tètè jẹ́wọ́ kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ru ẹ̀bi rẹ̀.