Àtẹ̀gùn Tí Kò Lámì

Obìnrin kan wà tó ń fi ṣíṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́ jẹun. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Atúnléṣe, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Bí o bá gbé yàrá tó rí játijàti lé e lọ́wọ́, yóò dá a padà fún ọ bí ẹni pé ilé mìíràn ni.

Kì í kọ́kọ́ mú pẹ́ńsù. Yóò wọ inú yàrá òfìfo náà, yóò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, yóò máa wo ibi tí oòrùn ń gbà wọlé. Lẹ́yìn náà ni yóò wá bi onílé ní ìbéèrè tó ń pa àwọn ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín: kí ni o máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn bí o bá jí? Níbo ni o máa ń jókòó sí bí inú rẹ kò bá dùn? Ó ní yàrá kì í ṣe ti àlejò tó fẹ́ wò ó, ti ẹni tó rẹ̀ ni.

Ó sì ní ohun kan tó ń lé. Ó fẹ́ ṣe ilé ìgbẹ̀bí kan lọ́ṣọ̀ọ́, kí ẹ̀rù má máa ba aboyún tó bá wọ ibẹ̀. Láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló ti ń ya àwòrán rẹ̀, tó ń pa á rẹ́, tó ń tún un yà.

Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣe é léṣe. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, obìnrin tó ń pè ní màmá, gba àwòrán náà lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ó tó mọ ohun tó ń lọ, ọ̀gá ti gbé e fún àwọn onílé ìwòsàn kan gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ara rẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn ńlá, fọ́tò rẹ̀ sì jáde nínú ìwé ìròyìn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí Atúnléṣe lọ béèrè, ojú gbogbo òṣìṣẹ́ ni ọ̀gá ti dá a lóhùn.

"Ọwọ́ wo lo fi yà á? Ṣé kì í ṣe ọwọ́ tí mo kọ́ níṣẹ́ ni? Kó ẹrù ẹ, kó o máa lọ."

Ó kó ẹrù rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹ má bínú sí mi, èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ pa òwe náà. Ọ̀gá gbàgbé, Atúnléṣe kò gbàgbé. Ó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ ń wọlé fún un. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kọrin, ó ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n bí ó bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, orúkọ ọ̀gá ló ń kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu, kì í sì í ṣe fún ìbùkún. Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, má fi ṣe ẹlẹ́yà. O mọ orúkọ tó ń wá sí ìwọ náà lẹ́nu.

Ọdún gorí ọdún. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọbìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ní àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá òun, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, wọn yóò sì dá a sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn láìpẹ́. Ó fẹ́ kí wọ́n tún yàrá rẹ̀ ṣe, kí ó lè máa fi ọ̀pá rìn dé balùwẹ̀ láìsí ìnira. Atúnléṣe béèrè àdírẹ́sì. Ilé ọ̀gá ni! Ọmọ náà ń kàwé nílẹ̀ òkèèrè nígbà tí ọ̀rọ̀ àwòrán ṣẹlẹ̀, kò mọ Atúnléṣe rí.

Inú Atúnléṣe dùn débi pé ó ní láti fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Yàrá tí màmá yín ò ní gbàgbé ni màá ṣe fún wọn."

Ó sì ṣe é. Ó jókòó sílẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó wo oòrùn, ó wo ibi tí aláìsàn yóò gbé orí lé. Gbogbo ohun tí ọ̀gá kọ́ ọ nípa yàrá aláìsàn, òdìkejì rẹ̀ ló ṣe. Ọ̀gá kọ́ ọ pé a kì í gbé dígí kọjú sí ibùsùn ẹni tí àìsàn ti jẹ lára; ó gbé dígí gíga kan síbẹ̀, kí ọ̀gá lè máa jí wo ẹnu rẹ̀ tó ti wọ́ sápá kan. Ògiri tí oòrùn ọ̀sán ń bá, ó fi ọ̀dà funfun tó ń dán kùn ún, kí ó máa ta á lójú. Síbẹ̀ yàrá náà rẹwà. Nígbà tí ọmọ ọ̀gá rí i, ó dì mọ́ ọn, ó ń dúpẹ́.

Èyí tó burú jù kò hàn sójú. Láàárín yàrá àti balùwẹ̀, ilẹ̀ ọ̀kan fi díẹ̀ ga ju ti èkejì lọ. Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé etí irú àtẹ̀gùn kékeré bẹ́ẹ̀ ni a máa ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ mìíràn sí, kí ojú lè rí i kí ẹsẹ̀ tó dé ibẹ̀. Táìlì kan náà ni Atúnléṣe fi tẹ́ òkè àti ìsàlẹ̀, kò sì fi nǹkan kan sí etí rẹ̀.

Obìnrin tó ń bá a rán kọ́tìnnì rí i. Àgbàlagbà ni, onígbàgbọ́ tí kì í fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ pa mọ́. Ó béèrè pé irin etí àtẹ̀gùn dà. Atúnléṣe ní ó ń ba ẹwà yàrá jẹ́. Aránṣọ wò ó títí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Atúnléṣe ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀gá kàn máa kọsẹ̀ ni, kò ní kú. Bí Sátánì ṣe máa ń bá èèyàn ṣe é nìyẹn, yóò máa bá ọ dín ẹ̀ṣẹ̀ kù títí yóò fi rí bí eré.

Wọ́n gbé ọ̀gá dé. Atúnléṣe dúró sẹ́nu ọ̀nà kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ọ̀gá rí i nínú dígí, ó sì dá a mọ̀. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé. Bí ó bá sọ ẹni tí obìnrin yìí jẹ́, yóò ní láti sọ ohun tí òun fi ṣe é, ọmọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Atúnléṣe jáde, ó ń súfèé lójú títì. Ẹ̀san dùn. Irọ́ ni màá pa bí mo bá ní kò dùn.

Kò pẹ́ sí i, fóònù rẹ̀ dún. Ọmọ ọ̀gá ni, ẹkún kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara. Màmá ti ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Egungun ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́, ó fi orí gbá ilẹ̀, kò sì tíì lajú. Atúnléṣe rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo fóònù kí ọmọ náà má gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Èmi ni mo fọwọ́ wọn sílẹ̀, mà. Mo ní kí n bá wọn mú táwẹ̀lì. Èmi ni mo pa ìyá mi."

Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Nínú gbogbo ohun tó ti ń gbèrò, kò ro ti ọmọ yìí mọ́ ọn rí. Kò lè jẹun, kò lè jókòó.

Ṣé o rò pé ó ronú pìwà dà? Rárá o. Ó mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti gọ́ọ̀mù, ó lọ sí ilé náà, ó sọ fún ọlọ́dẹ pé òun gbàgbé irinṣẹ́ kan síbẹ̀. Ó fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí àtẹ̀gùn kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ibẹ̀ wò, kí ẹ̀bi lè dúró sórí ọmọ náà. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà, ó ń fa gọ́ọ̀mù, nígbà tí aránṣọ, tó ti gbọ́ pé ọ̀gá ṣubú, wọlé láti wá gé kọ́tìnnì kan tó gùn jù.

Ó béèrè pé, "Àbúrò mi, kí lò ń lẹ̀?"

 Atúnléṣe ní, "Ẹ̀gbọ́n, obìnrin tó ni yàrá yìí ló kọ́ mi níṣẹ́, ó sì jà mí lólè. Ohun tí mo fẹ́ fi ayé mi ṣe ló jí gbé."

"Ó jà ẹ́ lólè lóòótọ́, Ọlọ́run sì rí i. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ yìí ńkọ́? Àbí ojú ń dun Ọlọ́run lónìí?"

Irin náà bọ́ lọ́wọ́ Atúnléṣe. Aránṣọ kúnlẹ̀ tì í. Ó sọ fún un nípa Jésù tí wọ́n kàn mọ́ igi láìṣẹ̀, tó lágbára láti gbẹ̀san lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n tó ń bẹ Bàbá nítorí àwọn tó kan ìṣó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀gá wà lára ohun tó gbé Jésù dé ibẹ̀, ti Atúnléṣe náà sì wà níbẹ̀. Ó ní Ọlọ́run kò fi ẹ̀san rán ẹnikẹ́ni, àti pé bí iná ò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ ò ní tán léèékánná. Ó ní kí ẹnì kan kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ẹ̀san tirẹ̀ sílẹ̀.

Atúnléṣe bú sẹ́kún. Ó ní, "Jésù, mo mọ ohun tí mo ń ṣe nígbà tí mò ń ṣe é. Ṣàánú mi."

Jésù ṣàánú rẹ̀. Ó dìde, ó fi irin náà sílẹ̀ láì lẹ̀ ẹ́, ó lọ bá ọmọ ọ̀gá ní ilé ìwòsàn, ó sì jẹ́wọ́ fún un. Má rò pé wọ́n dì mọ́ ara wọn. Ọmọ náà gbá a létí, ó lé e jáde, ó sì rò ó fún gbogbo ẹni tó létí. Ilé ìgbẹ̀bí ńlá kan tó ti fẹ́ gbé iṣẹ́ fún Atúnléṣe gbọ́, wọ́n mú ẹlòmíràn. Ohun tó ti ń lé láti ìgbà èwe bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Yàrá kéékèèké ló ń ṣe báyìí fún àwọn tó bá ṣì gbà á láyè, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lọ́nà tí kò balẹ̀ rí. Ọmọ náà sì ti mọ̀ pé òun kọ́ ni òun ṣe ìyá òun léṣe.

Ọ̀gá kò kú. Ó lajú, wọ́n tún ìbàdí rẹ̀ tò, orí ibùsùn ló wà. Atúnléṣe ti lọ bẹ̀ ẹ́, ó tún lọ. Ọ̀gá a máa kọjú sí ògiri. Ó ní ọjọ́ tí ẹsẹ̀ òun bá gbé òun, Atúnléṣe yóò mọ ẹni tí òun jẹ́.

Ìwọ ńkọ́? Bóyá ìwọ ni wọ́n jà lólè, bóyá ìwọ lo jalè. Ọ̀pọ̀ wa ló ti ṣe méjèèjì. O ní wàá dárí jì í bó bá kọ́kọ́ wá bẹ̀ ọ́. O ní wàá wá sọ́dọ̀ Olúwa bí ọ̀rọ̀ yìí bá tán nílẹ̀. Kò ní tán. Ọ̀gá ṣì wà láàyè, ìwọ náà ṣì wà láàyè, kò sì ní máa rí bẹ́ẹ̀ lọ títí. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yẹn. Sọ ọ̀rọ̀ náà fún Jésù bó ṣe rí gan-an. Ẹni tí o fẹ́ gbẹ̀san lára rẹ̀ yẹn, jọ̀wọ́ rẹ̀ fún Jésù lónìí.